Ibi tí Mo Kọ ÀṢÍRÍ Sí

Ìlárè, Ilé-Ifẹ̀,
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kọkànlá, 1999.

Mojíre, Àjíkẹ́ mi,

Mo kí ọ púpọ̀, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ọmọ ọwọ́ yín tí ìyá rẹ kò rí gbé pẹ́. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ní Èkó. Ọlọ́run tí ó mú ọ padà dé ilé rẹ láìséwu lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ, òun náà ni yóò máa ṣọ́ ìwọlé àti ìjáde rẹ. Ilé kò ní le mọ́ ọ, iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ẹkún tí o sun lẹ́nu ọ̀nà wa ní oṣù tó kọjá ni yóò sì kẹ́yìn ẹkún rẹ. Bí o bá fẹ́ mọ bí mo ṣe wà, mo wà láàyè, mo ń jẹun lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o rà sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe kọ ọ́.

Òjò ti ń dáwọ́ dúró níbí. Wọ́n ti bá mi tún páànù tó ń jò ní yàrá ẹ̀yìn ṣe. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ti padà dé, ọ̀kan nínú wọn kò sì tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó lọ kan ilẹ̀kùn ilé ìdáná pé kí Màmá bá òun tọ́jú kọ́kọ́rọ́ òun bí wọ́n ti máa ń ṣe. Mo gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọjọ́ kejì kí ó tó wá kí mi tòun ti omijé. Àwọn adìyẹ ìyá rẹ kò tíì gbà pé èmi ni yóò máa fún wọn lóúnjẹ. Bí mo bá da àgbàdo sílẹ̀, wọn a kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣà á jẹ. Alhaji Abdulsalam aládùúgbò wa kì í jẹ́ kí ọjọ́ kan kọjá láìyọjú sí mi, òun a jókòó sórí bẹ́ǹṣì, a ka ìwé ìròyìn ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn sókè, a sì bá àwọn òṣèlú inú rẹ̀ jà bí ẹni pé wọ́n wà níwájú rẹ̀.

Ọmọ mi, mo ní ohun kan láti jẹ́wọ́ fún ọ. Mo ti kọ ọ́ sínú dáyárì mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì ti fa igi pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìwọ náà sì mọ̀ pé n kì í fa igi pa ohun tí mo bá kọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí o ń padà sí Èkó, o gbé báàgì rẹ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, o ní kí n ṣèlérí ohun kan fún ọ. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ Adésọjí kò gbọdọ̀ fojú ara rẹ̀ ka ikú ìyá rẹ̀ lórí ìwé. O ní ní ìlú olótùútù tó wà ní Kánádà yẹn, kò ní ẹbí, kò ní aládùúgbò tí yóò dì í mú, nítorí náà kí n wá àgbàlagbà kan tí yóò lọ bá a nílé, tí yóò jókòó tì í, tí yóò túfọ̀ fún un bí a ti ń túfọ̀ fún ọmọ ènìyàn. Mo ṣèlérí. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láàyè, Àlàní, bí ìyá yín ti máa ń pè é, kò ní dá nìkan gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n o mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó. Láti ìgbà tí Adésọjí ti kó kúrò níbi tó ń gbé, nọ́ńbà tẹlifóònù tó fún wa kò lọ mọ́, lẹ́tà méjì tí mo sì kọ ti padà wá bá mi pẹ̀lú òǹtẹ̀ lára wọn pé ẹni náà ti kó lọ. Oṣù Kẹfà ló pè kẹ́yìn, lórí tẹlifóònù Alhaji. Àìsàn ìyá rẹ kò tíì le nígbà náà. Èmi ni mo gba fóònù, ìyá rẹ dúró tì mí, ó na ọwọ́ sí i. Mo sọ fún Adésọjí pé owó rẹ̀ ń jóná, kí ó tètè sọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó ní òun yóò tún pè bí òun bá ti rí ibi tuntun gbé. Nígbà tí mo fi gbé fóònù lé ìyá rẹ lọ́wọ́, kò sọ ju orúkọ ọmọ náà lọ tí ìlà fi já. Kò tún pè mọ́.

Alhaji ló fi ọ̀nà kan hàn mí. Ó ní Fàrídà, ọmọ àbúrò òun obìnrin, tó ti jáde ní yunifásítì, ti ṣí ilé kọ̀ǹpútà kan sí Mayfair nínú Ifẹ̀ níbí, wọ́n sì ti fa íńtánẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Mo lọ bá a. Fàrídà sọ fún mi pé ohun tuntun kan ti dé: ibìkan wà nínú íńtánẹ́ẹ̀tì náà tí oníkálùkù ti ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀ àti orúkọ àwọn tó mọ̀, àwọn yẹn náà a sì kọ orúkọ àwọn tí wọ́n mọ̀, títí ènìyàn yóò fi rí ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà ní òpin ayé. Mo rò ó, mo rí i pé kò yàtọ̀ sí bí a ti ń wádìí ìdílé kí a tó fọmọ fọ́kọ. Mo ní n óò ṣe é.

Níwọ̀n bí mo ti ń lọ pàdé àwọn ènìyàn tí n kò mọ̀ rí, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun, mo dé fìlà, mo sì mú fọ́tò pásípọ́ọ̀tù méjì dání. Alhaji rí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ta ni mo ń múra dè tó báyìí, ṣé kọ̀ǹpútà náà ni yóò dìde kí mi ni. Mo dá a lóhùn pé n kò mọ ẹni tí n óò bá níbẹ̀, ó sàn kí wọ́n bá mi nínú aṣọ gidi. Fàrídà gba fọ́tò náà lọ́wọ́ mi, ó ní ẹ̀rọ náà kò ní ibi tí a ń lẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo ní kí ó tọ́jú rẹ̀ bí wọ́n bá padà béèrè.

Fọ́ọ̀mù ni wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú mi, mo sì fi lẹ́tà ńlá kún un gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa ní pólì. Wọ́n béèrè orúkọ, ọjọ́ ìbí àti iṣẹ́, mo kọ gbogbo rẹ̀, mo tún kọ ìpele tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ọba bí wọn kò tilẹ̀ béèrè rẹ̀. Wọ́n wá béèrè ohun tí mo nífẹ̀ẹ́ sí. Mo ronú fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ, nítorí n kò tíì purọ́ sínú fọ́ọ̀mù rí, mo wá kọ ọ́ pé: ìyàwó mi, Fúnlọ́lá. Fàrídà rọra sọ pé Bàbá, bọ́ọ̀lù tàbí orin ni wọ́n ń béèrè. Mo ní ohun tí wọ́n béèrè náà ni mo dáhùn.

Lẹ́yìn èyí, wọ́n ní kí n yan ọ̀rọ̀ kan tí n óò máa fi wọlé, tí n kò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn dùn mọ́ mi. Mo rí i pé àwọn tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ mọ iyì àṣírí, ọkàn mi sì balẹ̀ pẹ̀lú wọn. Mo ṣí fìlà mi bo ọwọ́ mi kí n tó tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo parí, ẹ̀rọ náà kí mi káàbọ̀ ní èdè òyìnbó, ó pe Ìbùkúnọlá mọ́ mi lórí láìfi Ọ̀gbẹ́ni tàbí Bàbá síwájú rẹ̀. N kò bínú. Àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀, wọn kò sì tíì mọ̀ mí.

Wọ́n tún ní kí n kọ orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mo kọ Alhaji, mo kọ Àyàndélé tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, mo sì kọ Àyànlọ́wọ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti kú láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, nítorí wọn kò sọ pé alààyè nìkan ni kí n kọ. Ní ibi àdírẹ́sì mo kọ Ìlárè, ẹ̀yìn ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ náà kò gba ẹyọ kan nínú wọn, ó ní wọn kò ní àdírẹ́sì íńtánẹ́ẹ̀tì, ó wá kọ ọ́ gbagada síwájú mi pé n kò ní ọ̀rẹ́ kankan. Bẹ́ẹ̀ ni mo gbé e délé. Nígbà tí mo sọ fún Alhaji, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́, ó ní kí n padà lọ sọ fún wọn pé òun ti ń jẹ iyán ilé mi láti ọdún mọ́kànlélógún, ṣé ọ̀tá ló ń jẹ iyán bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rántí ẹni tó ń gún iyán náà, ó sì fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Fàrídà ní kí á tẹ orúkọ Adésọjí wò, bóyá òun náà ti wà níbẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́. Mojíre, ọmọ náà jáde.

Ó wọ kóòtù tó nípọn dé etí. Ó ti rù. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ó ti máa ń rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá ń yà á ní fọ́tò tí kò sì fẹ́. Lábẹ́ fọ́tò náà ni orúkọ àwọn tó mọ̀ tò sí, mẹ́sàn-án ni wọ́n. Fàrídà ní kí n kọ nǹkan sí i. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì kúrò lórí àtẹ ìtẹ̀wé náà, mo gbé wọn lé itan mi, kí àṣìṣe kankan má baà ti ọwọ́ mi jáde lọ bá a, nítorí mo rántí ìlérí tí mo ṣe fún ọ.

Ẹni kẹfà nínú àwọn mẹ́sàn-án náà ni ojú mi dúró lé. Lágúnjú ni orúkọ wọn. Irun wọn ti funfun, ìlú kan náà ni àwọn àti Adésọjí ń gbé, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Ẹdúnàbọ̀n ni ilé bàbá wọn. Ẹdúnàbọ̀n tí a ń kọjá bí a bá ń lọ sí Ìbàdàn ni o. Orí àga náà ni mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti rí àgbàlagbà tí o ní kí n wá.

Lábẹ́ orúkọ wọn ni àyè funfun kan wà tí a lè kọ̀wé sí. Mo bẹ Fàrídà pé kí ó yíjú sí ògiri. Ó ní Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ó yíjú. Èdè òyìnbó ni mo fi kọ ọ́, nítorí ẹ̀rọ náà kò ní àmì ohùn, n kò sì fẹ́ kọ Yorùbá tí kò lámì sí àgbàlagbà. Lókè pátápátá, mo fi òyìnbó kan náà kọ ÀṢÍRÍ ní lẹ́tà ńlá. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti fi ń tọ́jú fáìlì. Bí fáìlì bá ti gbé ọ̀rọ̀ yẹn lórí, kò sí akọ̀wé, kò sí ọ̀gá tí yóò ṣí i àyàfi ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. N kò rí ẹni tó rú òfin yìí rí, kò sì wá sí mi lọ́kàn pé ibìkan wà láyé tí wọn kò ti mọ̀ ọ́n.

Mo kí wọn, mo béèrè ilé àti ọmọ, mo béèrè bí òtútù ti ń ṣe wọ́n sí. Mo wá kọ ọ́ pé Fúnlọ́lá, ìyá Adésọjí, jáde láyé ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n mú ẹnì kan dání lọ bá ọmọ náà nílé, ní ọjọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́. Kí wọ́n jẹ́ kí ó jẹun ná, kí ó sì jẹun yó. Kí wọ́n rí i pé ó wà lórí ìjókòó. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ pé ara ìyá rẹ̀ kò yá, kí wọ́n fún un láyè díẹ̀, kí wọ́n tó sọ ìyókù. Kí wọ́n má sì fi í sílẹ̀ ní òun nìkan títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Ìka kan ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ó ju wákàtí kan lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́rin, n kò rí àṣìṣe kankan nínú rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́. Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ sùn dáadáa láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo padà lọ gba èsì. Mo bá a pé ènìyàn mẹ́rìnlá ti kọ̀wé sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi. Obìnrin kan wà níbẹ̀ láti Bràsíl, ọkùnrin kan wà láti ìlú tí n kò lè pè, gbogbo wọn ló ń bá mi kẹ́dùn. Mo rò pé Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú ló rán ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn sí mi, bí àwọn ará àdúgbò wa ti ń wọlé wá kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, inú mi sì dùn sí ìwà wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ti dé ẹni karùn-ún kí Fàrídà tó wá wo ohun tí mo ń ṣe.

Ó ka ọ̀rọ̀ náà láti òkè délẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi. Ó ní Bàbá, ibi tí ẹ kọ ọ́ sí yìí, bí ojúde ilé Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú ló rí, gbogbo ẹni tó mọ̀ wọ́n ló ń rí ohun tí a bá kọ síbẹ̀, ẹ̀rọ náà a sì tún ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n wá wò ó. Mo ní ṣùgbọ́n mo kọ ÀṢÍRÍ sí i lórí. Ó ní, bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, mo rí i. Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn fún mi ká ní ó rẹ́rìn-ín.

Nísàlẹ̀ gbogbo wọn ni Adésọjí kọ tirẹ̀ sí, ní Yorùbá tí kò lámì. Ó ní: Bàbá, mo ti rí i. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Mi ò tíì jẹun.

Kò kọ nǹkan mìíràn. Ó ti ka gbogbo ohun tí mo ní kí wọ́n ṣe fún un, kò sì sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí yóò ṣe é.

Mojíre, mo ba ìlérí tí mo ṣe fún ọ jẹ́. Ká ní mo jẹ́ kí ọmọbìnrin yẹn wo ìwé náà fún ìṣẹ́jú kan péré, ì bá ti sọ fún mi. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí, n kò sì ní bínú bí ó bá pẹ́ kí o tó lè ṣe é.

Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú kò sí nílé nígbà náà, iṣẹ́ gbé wọn lọ sí ìlú mìíràn, ọjọ́ kẹrin ni wọ́n tó rí ohun tí mo kọ. Wọ́n wakọ̀ padà nínú yìnyín lọ bá a. Wọ́n kọ̀wé sí mi, níbi tí Fàrídà fi hàn mí lọ́tẹ̀ yìí pé èmi nìkan ni n óò ti rí i, pé àwọn bá a tó jókòó pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn nínú ilé, àwọn sì dáná fún un, ó jẹ díẹ̀. Wọ́n ní ohun kan ṣoṣo ló ń béèrè, pé ṣé ìyá òun béèrè òun. Wọ́n ní àwọn kò mọ èsì rẹ̀, kí èmi fúnra mi dá a lóhùn.

Inú dáyárì mi ni èsì náà wà. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti wà ní pólì ni mo ti ń kọ ọ́, ẹnikẹ́ni kò sì kà á rí, ìyá rẹ pàápàá kò kà á. Mo fi í há abíyá lọ sí Mayfair, mo sì da ohun tí mo kọ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá kọ sójú ewé Adésọjí bó ṣe wà gẹ́lẹ́. N kò ní kí Fàrídà yíjú. N kò kọ ÀṢÍRÍ sí i. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí: Fúnlọ́lá jí ní aago méje àárọ̀. Ó mu omi. Ó béèrè pé ṣé ilẹ̀ ti mọ́ lọ́dọ̀ Àlàní. Mo ní rárá, òru ṣì ni lọ́dọ̀ wọn. Ó ní kí á jẹ́ kó sùn nígbà náà. Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lọ síbẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán, ìgbà tó jẹ́ àárọ̀ lọ́dọ̀ Adésọjí. Iná kékeré kan máa ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó bá wà níbẹ̀ lásìkò kan náà. Tirẹ̀ máa ń tàn. Kì í kọ nǹkan kan. Èmi a kọ ọ́ pé mo ti dé, lẹ́yìn náà èmi náà a dákẹ́. Bí a ti ń jókòó ti ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ni mo ṣe ń jókòó tì í, èmi ní Mayfair, òun ní Kánádà. Fàrídà ní Bàbá, ẹ bá a sọ̀rọ̀, àkókò yín ń lọ. Mo ní mo mọ̀.

Lánàá, nígbà tó ku díẹ̀ kí àkókò mi pé, ọ̀rọ̀ jáde lábẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó ní: Bàbá, ilẹ̀ ti mọ́ níbí. Kò lámì, èmi ni mo fi àmì sí i nígbà tí mo dà á kọ sínú dáyárì mi. Mo gbé ìka mi láti dá a lóhùn, ibẹ̀ ni ojú ẹ̀rọ náà ti ṣókùnkùn, nítorí ìṣẹ́jú tí mo san owó rẹ̀ ti tán. Fàrídà sáré ṣí i padà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kó tó wọlé, iná ẹ̀gbẹ́ orúkọ Adésọjí ti kú. Ó ti lọ síbi iṣẹ́.

Ìdí nìyí tí n óò fi béèrè owó lọ́wọ́ rẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé o ṣẹ̀ṣẹ̀ náwó ìsìnkú. Kì í ṣe owó oúnjẹ, kì í sì í ṣe owó oògùn. Fi owó díẹ̀ rán Tinúadé ọ̀rẹ́ rẹ sí mi bí ó bá ń bọ̀ ní Ifẹ̀ ní ìparí ọ̀sẹ̀, kí n fi ra wákàtí lọ́wọ́ Fàrídà dípò ìṣẹ́jú. Bí o bá rí ilé kọ̀ǹpútà nítòsí rẹ ní Èkó, ìwọ náà wá jókòó pẹ̀lú wa ní aago mẹ́ta. O kò ní láti kọ nǹkan kan. Mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ lè dákẹ́ pẹ́ bó ti wù ú, kí n má sì tún sọ fún un láyé mi pé owó ń jóná.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ìròyìn kankan bá ọ níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò dì ọ́ mú. Ọmọ ọwọ́ rẹ yóò dàgbà lójú rẹ, yóò máa mọ ohùn rẹ láti ọ̀nà jíjìn. Ilẹ̀ yóò máa mọ́ ọ láyọ̀ ní Èkó, yóò sì máa mọ́ Àlàní láyọ̀ níbi tó wà. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ìbùkúnọlá Oyèlárán.